Ohun Tí Ó Ń Mú Ògì Kan Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa Pẹ̀lú

Ẹni tí ó bá ń gbé Magboro tí ó sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó kò ní ṣàì mọ eré ìdájí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, bọ́ọ̀sì kan ti dúró lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àyè méjì péré ni ó kù nínú rẹ̀, èrò bíi mẹ́wàá sì ti gbójú lé e. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá yóò sáré lé e, yóò bá a, yóò sì jókòó. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kì-kì-kì, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, itan rẹ̀ méjèèjì yóò sì máa ta á bí ìgbà tí a fi ata pa á lára. Kí bọ́ọ̀sì náà tó rìn jìnnà, títa náà ti lọ. Kí ni ó ta á? Ta ni ó sì gbé e lọ?

Bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, èsì tí wọn yóò fún wa ni pé, “Lactic acid ni.” Púpọ̀ nínú wọn a sì fi kún un pé ìdọ̀tí ni ohun náà, pé ńṣe ni ó ń jókòó sínú iṣan, pé òun ni ó ń fa ara ríro ní ọjọ́ kejì, àti pé àfi kí á fi oògùn lé e jáde. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́. Apá tí ó pọ̀ jù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nínú àpilẹ̀kọ yìí a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí lactic acid jẹ́, bí ara ṣe ń ṣe é, àti ibi tí ó ń gbà lọ. A ó sì sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí ó yẹ kí òbí àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run bẹ̀rù rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí ìgbà náà wà, ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Nínú Ìkòkò Ògì Ni Kí Á Ti Bẹ̀rẹ̀

Kò sí ilé Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń sọ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un. Ìyá tí ó ń ṣe ògì yóò rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó lè tòrò. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó dúró lórí ògì náà ń kan sí i. Ohun pàtàkì tí ó ń fa kíkan yìí ni lactic acid. Àwọn bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí, pàápàá àwọn tí a ń pè ní Lactobacillus, ni ó ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo náà, tí wọ́n sì ń tú lactic acid jáde sínú omi. Ásíìdì náà kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń ba oúnjẹ jẹ́ rí ibi gbé. Ìdí nìyí tí ògì fi lè wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan láìsí fíríìjì.

Fùfú ń gba ọ̀nà kan náà kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni gàrí Ìjẹ̀bú, tí ìpínlẹ̀ Ògùn wa fi lókìkí: àpò ni wọ́n máa ń fi ẹ̀gẹ́ tí a ti rin sí fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án. Ẹni tí ó fẹ́ràn kí gàrí gún òun léyín, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ náà lò nínú àpò ni ó ń fi owó rà.

Inú wàrà kíkan ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ásíìdì yìí jáde ní òun nìkan. Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sweden, ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1780. Lac ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe wàrà, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ ilẹ̀ Sweden mìíràn, Jöns Jacob Berzelius, rí ohun kan náà nínú ẹran ara ẹranko. Ní 1857, Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé ṣàlàyé pé àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké ni ó ń mú wàrà kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bakitéríà ni ó ń ṣe lactic acid inú ẹran ara. Sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra wọn ni ó ń ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ògì kíkan dẹ́rù bà yín: èyí tí a bá mu nínú ẹ̀kọ kò ní lọ jókòó sí itan ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara yóò lò ó bí ó ti ń lo oúnjẹ yòókù.

Bí Ara Ṣe Ń Ṣe É

Oúnjẹ bí iṣu, ìrẹsì, ẹ̀bà àti ẹ̀kọ máa ń di ṣúgà kan tí a ń pè ní glucose kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara ń lo èyí tí ó nílò lójú ẹsẹ̀, ó sì ń tọ́jú lára èyí tí ó kù sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n iṣan kò lè lo glucose ní tààràtà, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ti lè fi ilẹ̀ oko san owó ọkọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di owó tí a lè ná. Owó náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ATP. Èyí tí iṣan ní nílẹ̀ kò ju ohun tí ènìyàn lè fi sáré agbára fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, nítorí náà ṣíṣe ni ara ń ṣe é láìdáwọ́dúró.

Ìpele méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Ní ìpele kìíní, sẹ́ẹ̀lì yóò gé glucose kan sí méjì. Ègé kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní pyruvate. Èrè ATP tí ó wà nínú ìpele yìí kò ju méjì péré lọ, ṣùgbọ́n ó yá púpọ̀, kò sì nílò ọ́síjìn rárá. Ní ìpele kejì, pyruvate yóò wọ inú àwọn yàrá kéékèèké kan tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí orúkọ wọn ń jẹ́ mitochondria. A lè pè wọ́n ní ilé ìdáná sẹ́ẹ̀lì. Níbẹ̀, pẹ̀lú ọ́síjìn tí à ń mí sínú, wọn yóò jó o pátápátá. Bí a bá ka ti ìpele méjèèjì pọ̀, ATP tí ó ń ti ara glucose kan jáde tó nǹkan bí 30. Èrè ìpele kejì pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò yá bí ti àkọ́kọ́.

Nísinsìnyí, báwo ni lactic acid ṣe wọ̀ ọ́? Gbogbo ẹni tí ó bá ti dúró nídìí ilé kíkọ́ ní Magboro, Ìbafo tàbí Mowe, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ bí olú, yóò tètè lóye rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré sí òkè ilé, àwọn lébírà yóò máa fi páànù ru kọnkéré láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Àwọn tí ó wà lókè yóò gbà á, wọn yóò dà á, wọn yóò sì sọ páànù òfìfo padà sí ìsàlẹ̀. Bí àwọn ti òkè kò bá tètè dà á, kò ní sí páànù mọ́ nílẹ̀. Yanrìn lè wà, sìmẹ́ńtì lè wà, omi lè wà, síbẹ̀ iṣẹ́ yóò dúró nítorí àìsí páànù.

Sẹ́ẹ̀lì náà ní páànù tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni NAD. Nígbà tí a bá ń gé glucose, ẹrù kan máa ń ti ara rẹ̀ jáde, tí NAD gbọ́dọ̀ rù lọ sí ilé ìdáná kí wọ́n lè bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ń lọ ní ìrọ̀rùn, páànù ń lọ, páànù ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ń lé bọ́ọ̀sì bá ki eré mọ́lẹ̀, gígé glucose yóò yára ju bí ilé ìdáná ti lè gba ẹrù lọ. Kí iṣẹ́ má baà dúró, pyruvate yóò gba ẹrù náà lọ́wọ́ NAD ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, páànù yóò sì di òfìfo lójú ẹsẹ̀. Pyruvate tí ó ti gba ẹrù yìí ni ó di lactic acid. Kò sí ohun mìíràn nínú àdììtú náà: ọ̀nà tí ara fi ń dá páànù padà kí agbára má baà tán lójijì ni.

Kò pẹ́ tí a ṣe é tán tí ó fi ń pín sí méjì nínú ara: hydrogen kan yóò bọ́ kúrò lára rẹ̀, èyí tí ó kù ni a sì ń pè ní lactate. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà “lactate” nínú ìwé àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn fún yín, ohun tí à ń sọ yìí kan náà ni.

Àwọn kan rò pé ìgbà tí ọ́síjìn bá tán nínú ara nìkan ni a ń ṣe é. Èrò yìí ti pẹ́. Ní 1907, Walter Fletcher àti Frederick Gowland Hopkins ní Cambridge fi iṣan ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ìwádìí. Wọ́n rí i pé lactic acid ń pọ̀ sí i nígbà tí iṣan náà bá ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn, tí ó sì ń dín kù bí wọ́n bá fún un ní ọ́síjìn. Archibald Hill àti Otto Meyerhof gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922 fún iṣẹ́ wọn lórí iṣan. Láti ìgbà náà ni àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ ti ń kọ́ni pé àìsí ọ́síjìn ni ó ń bí lactic acid. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti jókòó tí ẹ ń ka ìwé yìí, ara yín ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí ó ń gbé ọ́síjìn kiri fún àwọn yòókù, kò ní ilé ìdáná kankan nínú. Gbogbo pyruvate tirẹ̀ ni ó ń sọ di lactate ní ọ̀sán àti ní òru. Awọ ara ń ṣe é, ọpọlọ ń ṣe é, ìfun ń ṣe é. Èyí tí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń ṣe lójúmọ́ láìsáré rárá ju 100 gíráàmù lọ. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, iye tí a ó bá níbẹ̀ kò ní tó millimole méjì nínú lítà kan. Bí ó ti ń wọlé ni ó ń jáde.

Mítà 400 ní Atlanta

Kò sí eré ìje tí ó fi iṣẹ́ lactic acid hàn kedere bí ti mítà 400. Eré mítà 100 kúrú jù, ti mítà 5,000 sì fàyè sílẹ̀ fún ilé ìdáná láti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá sáré mítà 400 gbọ́dọ̀ sá a pẹ̀lú agbára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti mítà 100, fún bí ìṣẹ́jú kan ó dín díẹ̀.

Ní oṣù Keje, ọdún 1996, ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Atlanta ní Amẹ́ríkà, Falilat Ògúnkọ́yà, ọmọbìnrin ìpínlẹ̀ Ògùn, sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10. Marie-José Pérec ti ilẹ̀ Faransé ni ó gba wúrà, Cathy Freeman ti Ọsirélíà gba fàdákà, Ògúnkọ́yà sì gba idẹ. Nínú ìdíje kan náà, ó tún wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré àfigbà ti mítà 400 lọ́nà mẹ́rin. Ẹni tí ó bá wo irú eré bẹ́ẹ̀ dáadáa yóò rí ohun kan: ní ọgọ́rùn-ún mítà tí ó gbẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń yára sí i mọ́. Gbogbo wọn ni ó ń falẹ̀. Ẹni tí ó falẹ̀ kéré jù ni ó ń borí. Apá wọn yóò le, orúnkún wọn kò ní ga mọ́ bí ti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré irú èyí, lactate a máa kọjá 15 millimole nínú lítà kan, ti àwọn mìíràn a sì kọjá 20. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe orí ìlà ìparí ni ó ti ń ga jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀, bí kò ṣe ní ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn eré, nítorí ó gba àkókò díẹ̀ kí ó tó ti inú iṣan jáde. Àwọn olùwádìí òde òní kò sì di ẹ̀bi àárẹ̀ iṣan àti títa náà ru lactate nìkan mọ́. Hydrogen tí ó ń pọ̀ sí i nínú iṣan wà níbẹ̀, àwọn ohun mìíràn tí ATP ń fi sílẹ̀ nígbà tí a bá ná an wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń pa ohùn pọ̀ sọ fún iṣan pé kí ó rọra.

Ìdọ̀tí Kọ́, Oúnjẹ Ni

Ibo ni ó wá ń lọ? Tọkọtaya kan, Carl àti Gerty Cori, tí a bí ní Prague tí wọ́n sì lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé apá kan nínú rẹ̀ ní 1929. Ẹ̀jẹ̀ yóò gbé lactate láti inú iṣan lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ yóò tún un ṣe, yóò sọ ọ́ di glucose padà, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tún gbé e fún iṣan. Wọ́n wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947. Láti àwọn ọdún 1980 ni George Brooks ti Yunifásítì California ní Berkeley ti ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan kan lè ṣe lactate kí iṣan kejì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jó o. Ọkàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí ara bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ọkàn a máa fi í ṣe oúnjẹ pàtàkì. Ọpọlọ náà ń jẹ ẹ́. Ohun tí ọkàn àti ọpọlọ ń jẹ, àwa kò mọ bí a ṣe lè máa pè é ní ìdọ̀tí.

Èyí dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó sáré lé bọ́ọ̀sì. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ àti àwọn iṣan mìíràn ni ó pín ohun náà jẹ. Kódà ẹni tí ó sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ pin, láàárín wákàtí kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bí ó ti wà. Bí ó bá rọra ń rìn dípò kí ó dùbúlẹ̀, yóò tilẹ̀ tètè lọ jù bẹ́ẹ̀, nítorí iṣan tí ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ń jó o.

Wàyí o, ara ríro ọjọ́ kejì ńkọ́? Lébírà tí ó ru búlọ́ọ̀kù fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yóò dìde bí arúgbó. Àwọn arákùnrin àti arábìnrin tí wọ́n jó láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí níbi ìdúpẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ní wákàtí yẹn, lactate àná kò sí nílẹ̀ mọ́. Láti 1902 ni Theodore Hough, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, ti sọ pé ó jọ bí ẹni pé ńṣe ni ohun kan ya nínú iṣan. Ní 1983, àwọn olùwádìí mìíràn ní kí àwọn ènìyàn sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n sì tún sáré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Eré orí ilẹ̀ títẹ́jú gbé lactate sókè, ara kò sì ro wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Eré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò gbé e sókè, ṣùgbọ́n ara ro wọ́n gidigidi ní ọjọ́ kejì. Ìfàya kéékèèké nínú iṣan tí kò mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, àti wíwú tí ó máa ń tẹ̀ lé e bí ara ti ń tún un ṣe, ni ó ń fa ìrora náà. Yóò lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Pajápajá tí ń mú ni lẹ́sẹ̀ lóru lórí ibùsùn kì í ṣe iṣẹ́ lactic acid náà. Ta ni ó ń sáré lórí ibùsùn?

A sọ èyí nítorí àwọn tí ó ń gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ pé àwọn fẹ́ lé lactic acid jáde. Kò sí ohun tí wọ́n ń lé. Oògùn bí ibuprofen, bí a bá ń lò ó léraléra, lè dá egbò sí ikùn, ó sì lè pa kíndìnrín lára, àgàgà lára ẹni tí ó ń làágùn nínú oòrùn láìmu omi tó. Ẹni tí ara ń ro lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì wá dúdú bí tíì, kí ó má ṣe jókòó sílé o. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, nítorí ó lè jẹ́ pé iṣan rẹ̀ ń bàjẹ́ ní tòótọ́.

Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Á Bẹ̀rù

Lactate tí ó pọ̀ lára ẹni tí ó sáré, ohun tí ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni. Lactate tí ó pọ̀ lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Kò sáré, kò ru ẹrù, kí ni ó dé tí páànù kò fi lọ, tí kò sì bọ̀? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè bá ara rẹ̀ ní irú ipò yìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí àrùn bakitéríà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ilé ìdáná fúnra rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Ní àwọn ọdún 2000, stavudine wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV ní Nàìjíríà. Ó gba ẹ̀mí púpọ̀ là, ṣùgbọ́n ó ń ba mitochondria jẹ́, lactic acid sì ń pọ̀ lára àwọn kan débi pé ó pa wọ́n. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Àwọn oògùn tí a ń lò lóde òní yàtọ̀ sí i, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìtàn yìí pa oògùn rẹ̀ tì.

Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ tí lactic acid fi ń di ewu fún ọmọdé ni ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2022, Nàìjíríà nìkan ni ó ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà tí ó mú ènìyàn ní ayé. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Kòkòrò ibà tí a ń pè ní Plasmodium falciparum ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa, ìpele kìíní tí a ṣàlàyé lókè sì ni òun náà fi ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Ó ń jẹ glucose ní ìlọ́po-ìlọ́po iye tí sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò ní kòkòrò nínú ń jẹ, ó sì ń sọ ọ́ di lactate. Èyí nìkan ì bá ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò náà bá ti dàgbà, sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé inú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara òpójẹ̀ tín-ín-rín, a sì dí ọ̀nà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò gbà kọjá, ọ́síjìn kò dé ibẹ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà tí ó wà ní agbègbè yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lactic acid. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ti gbẹ, gìrì sì lè mú un, èyí tí ń mú kí iṣan ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ń sáré. Ẹ̀dọ̀ tí ì bá gbé e kúrò pẹ̀lú ti rẹ̀. Nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, bí lactate ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ibà bá ti tó millimole 5 nínú lítà kan, ibà líle ni.

Àwa kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò nílé, ṣùgbọ́n ojú àti etí òbí lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ásíìdì bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara máa ń gbìyànjú láti dín in kù nípa mímí carbon dioxide púpọ̀ síta. Ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí mí ìmí jíjìn, wúwo, láìdúró, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni ó wà láti àárọ̀. Ihò imú rẹ̀ lè máa fẹ̀, àyà rẹ̀ lè máa wọnú. Ó lè má lè jókòó, kí ó má lè mu ọmú, tàbí kí ó sùn tí a kò fi rí i jí. Àwọn òbí a máa pe èyí ní òtútù àyà, wọn a sì fi òróró pa á láyà. Àwọn mìíràn a gbé e lọ sí ilé àdúrà, kí ó lè lo òru mọ́jú níbẹ̀. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa, ẹ̀yin ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá. Ẹ bá wọn gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí wákàtí ni à ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Ẹni tí ó mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ wa mọ̀ pé kò yẹ kí á dúró di ọ̀sán.

Kò sí agbo tàbí kánún tí a lè fún un mu nílé tí yóò dín ásíìdì yìí kù. Ásíìdì inú ikùn yàtọ̀ sí i. Bákan náà, òórùn ẹnu tí àwọn tí ó gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ máa ń ní kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ọ̀rá tí ara ń jó ni ó ń fa ìyẹn.

Ohun tí ó ń dín in kù ni kí á pa kòkòrò ibà náà. Ní 2010, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n fi àwọn ọmọ 5,425 tí ó ní ibà líle ṣe ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára wọn, Ìlọrin ni wọ́n sì ti ṣe tiwa. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ quinine, ìpín 10.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú; nínú àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ artesunate, ìpín 8.5 ni. Ìdí tí a mọ̀ ni pé artesunate ń pa kòkòrò náà ní kékeré, kí ó tó dàgbà dé ibi tí yóò ti lẹ̀ mọ́ ara òpójẹ̀. Láti ìgbà náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi artesunate ṣe oògùn àkọ́kọ́ fún ibà líle lára àwọn ọmọdé.

Yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ náà, àwọn dókítà yóò wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, nítorí ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí lactate bá ga. Wọn yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀ bí tirẹ̀ bá ti gbẹ jù, wọn yóò sì dá gìrì dúró. Níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà, nọ́ọ̀sì lè tún gún ìka ọmọ náà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láti wọn lactate rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí iye náà bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń ráyè gba ibi tí ó dí tẹ́lẹ̀ kọjá nìyẹn, ìmí ọmọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀.